Orúkọ Mi Ni Wọ́n Kọ Sí Imú Katakata

Ẹ̀gbọ́n Jóṣúà, kí la ti mọ̀ nípa odó? Mo ní odó, odó iyán, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín níbẹ̀ yẹn, odó Ìyá Ẹfúnróyè tó bí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ pákò lẹ́nu kí ẹ dá mi lóhùn. Bí a bá so okùn mọ́ ọn nídìí tí a fà á, ṣebí yóò máa wọ́ tẹ̀ lé wa ni? Bí a bá wá so okùn náà mọ́ ọn lókè, lẹ́bàá ẹnu, níbi tí ọmọ odó ń gbà wọlé, tí a fà á tipátipá, kí ni yóò ṣe? Pákò lẹ tún fi sẹ́nu. Kò burú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. A ó padà sí i.

Ẹ̀yin ni mo wá bá láàárọ̀ yìí, n kò wá bá Àdìsá, torí Àdìsá ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹ ti rí i àbí ẹ ò tíì rí i? Ọ̀dà funfun! Gàdàgbà gàdàgbà, ní imú katakata, ÀṢÀYÀN TÍṢÀ! Èmi! Èmi Alfred tí mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ yín pé ẹ má rà á! Mo mú ọ̀bẹ lọ lánàá pé kí n ha á kúrò, wọ́n fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní Tíṣà ń tijú ìyìn. Ìyìn wo? Ta ló ń fi orúkọ ẹlòmíràn sórí ejò, tó ní kó wá dúpẹ́?

Ta ló rán mi lọ sí Ìbàdàn ná? Ẹgbẹ́ aláàáró wa náà ni. Ilé mẹ́sàn-án tó ti ń bá ara wọn ro oko láti ayé àwọn bàbá wa. Ẹ ní àwọn géńdé ti gba iṣẹ́ lọ sí ìdálẹ̀, ẹ ní àwọn ọmọ ti kún ilé ìwé láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ẹ ní kò sí ọwọ́ tó ń kọ ebè mọ́, kí Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ oko lọ bá yín wo katakata kékeré tí apá yín ká. Mo gbà. Kí n tó wọ ọkọ̀, kí ni mo ṣe? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin lẹ di orí okùn kejì mú! A wọn àárín kùkùté sí kùkùté ní oko mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ibi tó fẹ̀ jù, ẹsẹ̀ bàtà méje. Ibi tó há jù, mẹ́rin. Torí kí ni? Torí àwa kì í hú kùkùté. Bàbá yín ò hú u, bàbá mi ò hú u, ara rẹ̀ ni ìtàkùn iṣu wa ń gùn. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé, Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá fẹ́ ra katakata, kó kọ́kọ́ bi oko rẹ̀ léèrè, kó tó bi ojú rẹ̀. Ẹ mi orí. Mo rò pé ó ti yé yín ni!

Mo sì rí èyí tó yẹ wá. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èèyàn kì í gùn ún, ẹ̀yìn rẹ̀ lèèyàn ń gbà, á di apá rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Kò ga ju ìbàdí lọ. Á gba àárín kùkùté kọjá wọ́ọ́rọ́, kò ní kí ẹ hú ẹyọ kan. Bó bá bàjẹ́, Ṣéhù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lè tú u wò. Bó bá ṣubú, ẹni tó ń darí rẹ̀ á bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á pòṣé, á gbé e dìde. Kò yára, n kò purọ́ fún yín nígbà náà, n kò ní í purọ́ nísinsìnyí: oko tí katakata ńlá á ro lọ́jọ́ kan, kékeré á fi ọjọ́ mẹ́ta ro ó. Ṣùgbọ́n ta ló ń lé wa?

Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ẹgbẹ́ tán, Àdìsá dìde. Olórí ẹgbẹ́, ọlọ́kọ̀. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, Tíṣà ní ká lọ ra ewúrẹ́. Ká máa tẹ̀ lé e kiri oko, ká máa wí pé mẹ̀ẹ́ẹ̀.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n, mo rí eyín yín! Ó ní ṣé ewúrẹ́ la ó fi ko àwọn ará Ìgbájọ lójú? Ó ní òun mọ ibi tí ńlá kan wà, àlòkù, iye kan náà ni, tí èèyàn á jókòó lé lórí bí ìjòyè, tí wọ́n á máa gbúròó rẹ̀ títí dé Ìrèsí. Gbúròó! Ṣé gbúròó ló ń kọ ebè? Mo wò yín. Ẹ̀yin tí ẹ di okùn mú, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni, mo ní Ẹ̀gbọ́n á sọ̀rọ̀. Ẹ na ọwọ́ sókè pẹ̀lú wọn. Hà! Èyí gan-an ló ń dùn mí. Àdìsá ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀.

Ó dáa, katakata dé. Kò gba àárín kùkùté. Ta ni kò mọ̀ pé kò ní í gbà? Ẹ ní kí wọ́n máa fi katakata fúnra rẹ̀ fa kùkùté tu. Ẹ fọkàn bá mi lọ díẹ̀díẹ̀ níbí yìí, ẹ má wo ilẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn katakata, irin kan wà tí wọ́n ṣe fún fífa nǹkan. Ti èyí ti kán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Alágbẹ̀dẹ ní kí wọ́n fún òun lọ́jọ́ mẹ́rin péré, òun á rọ òmíràn. Kí ni ẹgbẹ́ wí? “Àáró kì í fo ilé.” Bí òjò rọ̀, bí oòrùn mú, ọjọ́ ilé kan kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé kejì. Òfin tí wọ́n ṣe fún ọkọ́ àti àdá, ẹ gbé e wọ irin lọ́rùn! Àdìsá bá so ṣéènì mọ́ òkè, lẹ́yìn ìjókòó gan-an, ó ní ó ti parí.

Lọ́jọ́ kìíní, ó dé oko Àṣàkẹ́, opó Àjíṣafẹ́. Kùkùté tí wọ́n fà ò tóbi. Imú katakata gbéra sókè tó ìka mẹ́rin, ó padà sílẹ̀. Wọ́n so ṣéènì mọ́ òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, oko Ọláwuyì. Kùkùté náà tóbi díẹ̀. Imú gbéra sókè, ó dé orúnkún mi, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń yí lófurufú, orúkọ mi ń wo ojú ọ̀run, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n ní ó ń jó! Mo kígbe títí ohùn mi há. Ọmọ yín Olúkúnlé ló wà lórí rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ rí mi?” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn nígbà tó wà ní kíláàsì mi, bó bá ti gba ìṣirò kan.

Òní ni ọjọ́ kẹta. Òní, ilé yín ló kàn. Ẹ wá sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n, kùkùté kí ló wà lóko yín? Ìrókò. Níbo ló wà? Ní ìdàgẹ̀rẹ́ òkè, tí òjò àná rọ̀ sí, tí katakata á kọ imú sókè kí ẹnikẹ́ni tó fa nǹkan kan. Ìka mẹ́rin, orúnkún, kí ló kù? Ìṣirò kékeré ni mo fún yín yìí o.

Kí lẹ wí? Ọlọ́run á ṣọ́ ọ? Àmín. Ọlọ́run náà ló fún wa lójú tí a fi rí ìka mẹ́rin. Ẹ ní Àdìsá ti wa lọ́rì fún ogún ọdún? Lọ́rì Àdìsá kì í fa igi tó ta gbòǹgbò, ọ̀nà ló ń tọ̀! Ẹ ní ilé yín á di ẹlẹ́yà bí ọjọ́ yín bá kọjá lásán? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà dípò yín, mo ti mọ́ ọn lára, ẹ ní Tíṣà ló dí yín lọ́nà. N ó mú ọkọ́ àti àáké wá fúnra mi, n ó mú ọmọ kíláàsì mi àgbà mẹ́wàá, a ó hú ìrókò yẹn bí ó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Tinúadé ìyàwó Olúkúnlé ń gbọ́ wa nínú iyàrá yẹn, mo mọ̀. Oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù mélòó? Mo fi orúkọ Tíṣà tí ẹ fọ̀dà kùn yẹn búra, n kò ní í lè dúró wò ó lójú.

Olúkúnlé ti lọ bu epo nílé Àdìsá. Kí oòrùn tó kọjá òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, á ti gbé e dé iwájú ilé yìí. Àsìkò ṣì kù. Ẹ ò ní í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kò burú, n kì í ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo ń ní kó lò.

Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Okùn rèé, okùn kan náà tí a fi wọn oko ni. Ẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ gbé odó Ìyá dúró, ẹ so okùn mọ́ ọn lókè, lẹ́bàá ẹnu, bí Àdìsá ṣe so ṣéènì. Odó ni katakata. Ẹ̀yin tí ẹ di okùn mú ni ìrókò. Fìlà Olúkúnlé tó wà lára ìṣó yẹn, ẹ mú un, ẹ fi dé ẹnu odó, torí ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Ẹ wá fà á. Ẹ má rọra fà á o, ìrókò kì í rọra.

Kí ẹ wo ibi tí fìlà bá wà nígbà tí odó bá balẹ̀.