Àgbò Iléyá Tí Mo Fẹ́ Atẹ́gùn Sí Nímú

Ògo fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí irọ́ gbé mi mì! Ẹ bá èmi Bàbá Tóyìn yìn ín, ẹ̀yin ará!

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe Iléyá ní Òtu, àgbò Àlájì àdúgbò wa ṣubú lulẹ̀ níwájú ọ́fíìsì tí a ti ń tọ́jú ẹran. Ikọ́ ló ń ṣe é. Báyọ̀, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un lábẹ́rẹ́ ni. Àgbò náà kò mí mọ́.

Àlájì, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gún un, sáré dé, ó kígbe pé, "Ọ̀bẹ dà? Ẹ jẹ́ ká tètè dúńbú ẹ̀ kó tó di òkú ẹran!"

Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, léraléra. Mo di ẹnu rẹ̀ pọ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, mo tún tẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Òógùn bò mí. Àgbò sín! Ó dìde! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Mo rò pé ó parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Báyọ̀ ti lọ bá Àlájì. Báyọ̀ o! Ẹni tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí mo fi kẹ̀kẹ́ mi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn! Ó ní, "Ẹran yẹn ti kú tán. Oògùn ni Bàbá Tóyìn fẹ́ sí i nímú. Òun náà ló sì gún un lábẹ́rẹ́ tó pa á."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kó kùmọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. "Ají-òkú-dìde, jáde! Wá jí bàbá bàbá wa náà!" Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pè mí láti Ìsẹ́yìn, ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ lo gún un, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n kó wa jọ sílé Lèmọ́mù. Báyọ̀ tún irọ́ rẹ̀ pa lójú mi. Ìyàwó Àlájì dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Lèmọ́mù, ẹ má bínú. Èmi ni mo di okùn àgbò mú. Báyọ̀ ló gún un. Ẹ̀rù ló bà á tó fi ń tì í sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn."

Báyọ̀ wo ilẹ̀. Lèmọ́mù ní, "Àgbò ọ̀hún dà báyìí?"

Obìnrin náà ní, "Ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ nílé."

"Òkú kì í jẹ èèpo. Ẹ lọ fi ṣe Iléyá yín."

Ọ̀gá wa ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí Àlájì bá kọ àgbò yẹn, orúkọ Ají-òkú-dìde kò ní kúrò lára mi láéláé.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó kó kùmọ̀ wá ni! Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá Tóyìn, Àlájì ní kí ẹ gba itan àgbò náà." Ìyàwó mi sè é. Omijé ni mo fi jẹ ẹ́.

Ìwọ tí ẹni tí o fọkàn tán ti dà, má ṣe sọ̀rètí nù. Ọlọ́run ní ẹnìkan tó di okùn mú, tí ìwọ kò tilẹ̀ wò lójú. Ẹ bá mi dúpẹ́!