Ooru Tí Mo Bò Mọ́lẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Ìyàwó Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Fọlákẹ́ ìyàwó mi ti lọ báyìí, mi ò lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ṣì wà láyé. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọn tó ń bá ẹ̀yà inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Nílé wa ní àdúgbò Abraham Adésànyà, Fọlákẹ́ ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí mo tún ṣe fún un. Inú rẹ̀ nìkan ló ti ń kọ àwọn ìtàn tí olóògbé ìyá òun àti àbúrò rẹ̀, tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, sọ fún un.

Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ bó ṣe gbóná tó. Ti ẹ̀rọ yìí máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá ti dákẹ́, ètò tí mo kọ láti máa ṣọ́ ooru rẹ̀ a figbe ta, ẹ̀rọ a sì kú fúnra rẹ̀.

Fọlákẹ́ a pariwo láti pálọ̀: "Dádì Tọ́lá, ẹ wá gbé ọmọ yín o! Igbe ẹ̀ ti ju ti ọ̀nà márosẹ̀ lọ!" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ kó ráyè kọ̀wé. Mo wá yí ètò náà padà: bí òṣùwọ̀n bá dákẹ́, kí ètò máa tún nọ́ńbà tó gbọ́ kẹ́yìn sọ, kí ẹ̀rọ má bàa kú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wí lé lórí. Mo ní màá tún un ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣùwọ̀n dákẹ́ pátápátá. Ètò mi ń sọ pé ara ẹ̀rọ tutù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń jóná. Gbogbo ìtàn náà bá a lọ.

"Iná mànàmáná ló bà á jẹ́," ni mo sọ fún Fọlákẹ́.

Múyìwá àbúrò rẹ̀, oníṣẹ́ iná ní Ṣàngótẹ̀dó, ló fa wáyà ilé wa. Fọlákẹ́ pè é lórí fóònù lójú mi. "Wáyà jágbajàgba tóo fà ló gbé ọ̀rọ̀ ìyá wa lọ! Má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́!" Mo jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí Fọlákẹ́ fi kú, wọn ò jẹun pọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Múyìwá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Àǹtí mi dárí jì mí kí wọ́n tó lọ?"

Mo ní, "Ó dárí jì ẹ́."

Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kò ṣẹ̀ wá rárá?