Obìnrin tí mo ní kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi, èmi nìkan ni mo ń gbé e, kò sì ṣeé gbé mọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, àmọ́ n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́.

Ní gbogbo agbègbè Ìrókò, èmi ni wọ́n ń gbé ẹni tí èémí bá há wá bá. Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ àyà tó ń súfèé.

Nígbà tí ogun tú Ìjàyè, wọ́n kó àwọn aláìsàn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ọkùnrin kan ń pariwo, àyà rẹ̀ ń dún. Òun ni mo sáré bá. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ ọwọ́ mọ́ orúnkún, àyà rẹ̀ kò dún.

Àkànní ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi náà. Kò lè sọ̀rọ̀ parí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé ẹni tó dákẹ́ ni èémí ń há? Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó sùn.”

Obìnrin náà fẹ́ dìde. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dá a padà sórí ẹní. Kí n tó bu àgbo fún onípariwo yẹn tán, obìnrin náà ti kú.

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo rí igbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ta ló fún un lómi tútù?” Àkànní ní òun ni. Mo mi orí. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àna Àkànní ní omi rẹ̀ ló pa á, wọ́n gba ọmọ tí obìnrin náà bí fún un lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Àkànní ń gbé e wá fún mi. Á ní, “Ẹ ṣé tí ẹ gbìyànjú, Bàbá. Èmi ni mo bà á jẹ́.” Mo ń gbà á. Mo ń jẹ ẹ́.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, èémí há èmi náà. N kò lè dùbúlẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo tẹ ọwọ́ mọ́ orúnkún, mo fetí sí àyà mi. Kò dún rárá. Mo fẹ́ ké, ohùn kò jáde. Àwọn ará ilé kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi.” Ìjókòó tí mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ ló yọ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ pé kì í ṣe omi ló pa obìnrin náà, orúkọ mi bàjẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi á sì dá páropáro. Àmọ́ ọmọ yẹn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, ohun tí wọ́n sì ń sọ fún un ni pé bàbá rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Iṣu ti ń jáde. Àkànní ò ní pẹ́ dé.