Mo Gbé Ẹ̀ṣẹ̀ Mi Kọ́ Ìyá Ọkọ Mi Lọ́rùn

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ǹ bá tún gbé e pa mọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi wà lórí àìsàn ní Ìṣẹ́yìn, ọkọ mi sì búra pé òun ò ní lọ wò ó. Èmi ni mo fà á.

Dallas níbí là ń gbé, lápá Forney. Ọ́fíìsì mi wà ní Richardson. À ń kó ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mọ̀ nípa àwọn ọmọ wọn jọ sójú kan lórí kọ̀ǹpútà: ṣé wọ́n ń jẹun yó, ṣé wọ́n ń lọ sí iléèwé, ṣé ọkàn wọn balẹ̀ nílé. Èèyàn á lè fi ọmọ Nàìjíríà wé ọmọ Gánà tàbí ti Amẹ́ríkà, á sì mọ ibi tí ìyà ti ń jẹ ọmọdé jù. Èmi ni wọ́n fi sídìí apá tó kan nínà ọmọ nínú ilé.

Èmi náà máa ń na Tómi, ọmọbìnrin mi. Mo máa ń sọ pé mò ń tọ́ ọ ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́sàn-án, mò ń ṣiṣẹ́ nílé, iṣẹ́ náà sì ń lé mi. Ohun tí orílẹ̀-èdè kan fi ránṣẹ́ kò bá ti àwọn yòókù mu, ọ̀gá mi sì ń dúró dè é. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ní Grapevine. Tómi gbé júùsì kọjá, ó fẹsẹ̀ kọ wáyà, júùsì náà dà sórí kọ̀ǹpútà mi. Kọ̀ǹpútà kú lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ìyẹn ṣe àwáwí. Mo fa bẹ́líìtì ọkọ mi yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo na Tómi lẹ́yìn, mo nà án lẹ́sẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sá, mo di irun orí rẹ̀ mú, mo fi fà á padà. Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti ilé, sáré jáde láti kíṣìnnì, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, ó tó! Ọmọ ni, kì í ṣe ejò!"

Mo tì í. Màmá fi ẹ̀yìn gba fíríìjì, ó ṣubú. Mo tún gbé bẹ́líìtì sókè. Orí bẹ́líìtì náà tí irin wà ló kù lóde, mi ò wò ó. Irin náà ba Tómi lójú òsì. Igbe tó ké yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà láàárín ìka rẹ̀, ó sì ń pe Màmá. Kò pè mí.

Mo wa mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù, Màmá gbé e mọ́ra lẹ́yìn. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún Tómi pé bó bá dárúkọ mi, wọ́n á gbé e fún àwọn àjèjì, kò sì ní rí Dádì rẹ̀ mọ́. Mo ní kó sọ pé Màmá ni. Màmá ń fi ìró rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó rò pé mò ń tu ọmọ nínú ni.

Nọ́ọ̀sì pe ọlọ́pàá. Obìnrin ni ọlọ́pàá tó wá. Ó ní ta ló lè bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ Màmá. Mo ní èmi ni.

"Màmá, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Sọ fún wọn pé ìwọ lo nà án, pé inú ló bí ọ, ọwọ́ ṣì ọ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má mú ọ o. Ọmọ yìí ṣì ń fẹ́ ìyá."

Mo yíjú sí ọlọ́pàá. Mo ní Màmá ní òun lòun nà án, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa, pé kí wọ́n ṣàánú òun. Ọlọ́pàá bi Tómi léèrè. Tómi fi ojú kan tó kù wò mí, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Màmá lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ṣàṣìṣe ni. "Ìyàwó, kí lo sọ fún wọn?" Ó wo ojú mi, ó sì yé e.

Wọ́n wá ògbifọ̀ fún un lẹ́yìn náà. Màmá ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọkọ mi gbá a létí nínú pálọ̀ wa. Ìyá tó bí i lọ́mọ. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Màmá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó wo Tómi tí wọ́n di ojú rẹ̀ ní báńdéèjì, kò sọ ohun tó mọ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú dá a padà sílé. Ojú òsì Tómi kò ríran mọ́.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n bi àwọn ìyá ní orílẹ̀-èdè kan, tí wọn ò bi wọ́n níbòmíràn: ṣé ẹ fi bẹ́líìtì tàbí igi na ọmọ yín? Ọ̀dọ́ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká fi í sílẹ̀, kí aráyé rí orílẹ̀-èdè tí kò béèrè. Mo ní ká yọ ọ́, pé ohun tí gbogbo wọn ò jọ dáhùn kò ṣeé fi wéra. Wọ́n gbà mí gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí mo bá ti ṣí ojú ewé yẹn, igbe Tómi ni mò ń gbọ́. A yọ ọ́. Bí mo ṣe tún bo àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí lẹ́nu nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ọkọ mi pè wá pé rọpá-rọsẹ̀ ti dá Màmá dùbúlẹ̀, orúkọ ọkọ mi nìkan ló ń gbìyànjú láti pè. Ọkọ mi ń jẹun lọ́wọ́.

"Kó kú," ó ní. "Ẹni tó fọ́ ọmọ mi lójú."

Tómi, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn, fi Yorùbá sọ̀rọ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo Màmá."

Bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Ó rò pé ọmọ ti dárí ji Màmá. Tómi ń wò mí láti èjìká rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ṣé ẹ ti sọ fún Dádì?" Àràárọ̀ ló ń bi mí báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ ọwọ́ ọkọ mi. Mo mọ ohun tí òfin ń ṣe fún irú mi. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, Màmá ló ni ìyẹn, ó sì lè má pẹ́ mọ́. Ọkọ mi wà ní pálọ̀ báyìí, ó ń wo bọ́ọ̀lù, Tómi jókòó tì í. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo tún jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?