Ẹ̀rín Tí Mo Rín ní Ọ́fíìsì Máníjà

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìkìrun, bí wọ́n bá gbọ́ pé mo sọ báyìí, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín, nítorí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, iṣẹ́ tí mo fi ẹnu mi ṣe jù ni kí n fi tan ènìyàn jẹ, kí ojú mi sì dúró gbọnin bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí ní tòótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ìyàwó mi yóò pàdé Máníjà, ọ̀gá mi àtijọ́, níbi ìkórè ìjọ wa ní Ìnísà níbí, yóò sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan tó ti pé ọdún méje. Ìdáhùn wọn ni yóò tú mi láṣìírí.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkìrun ni mo ti rí iṣẹ́ nígbà tí mo jáde ní pólì. Èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Máníjà, ọmọ Òkukù, ni olórí wa. Wọn kì í ṣe ènìyàn líle, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwàdà mi kò yọ àwọn náà sílẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni mo sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tábìlì wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ ti jẹ ọwọ́ ọ̀tún mi." Wọ́n fò sókè, wọ́n ń ké sí dírẹ́bà. Ìgbà náà ni mo yọ ọwọ́ náà jáde nínú ṣẹ́ẹ̀tì, tí mo fi juwọ́ sí wọn.

Nígbà tó yá, SAP dé, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin náà kò lè gbàgbé. Owó oṣù dúró sójú kan, owó ọjà ń sáré. Fúnmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, ń lọ sí ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé kó wá bá òun ṣòwò, ṣùgbọ́n ọkàn ìyàwó mi kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá lè fi nǹkan kún owó yín, ibí ni màá jókòó sí. Bí wọn ò bá fi kún un, ẹ jẹ́ kí n lọ, ojú lásán la jọ fi ń wo ara wa yìí." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Máníjà pè wá jọ. Wọ́n ní, "Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó, kó wọlé wá bá mi. Kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kó sọ ohun tó fẹ́. Èmi náà á sọ ibi tí agbára wa mọ. Kò sí ìbínú níbẹ̀." Ta ló gbà á gbọ́ nínú wa? Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé bí àgbà bá ní ká wá bá òun jẹun, ká ní a ti yó!

Síbẹ̀, mo ki àyà. Láti Ìnísà dé Ìkìrun, mo ń há ọ̀rọ̀ náà sórí nínú bọ́ọ̀sì bí ẹsẹ Bíbélì. Nígbà tí mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi. Mo dọ̀bálẹ̀, tinútinú mi sì ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ owó oṣù mi ni mo bá wá."

Máníjà wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni ẹ̀rọ tún jẹ lónìí, àpò rẹ?" Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ké sí àwọn yòókù. "Ẹ wá wo aláwàdà yín o! Ó tún ti dé!" Kíá, ọ́fíìsì ti kún. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n sọ: "Òótọ́ ni, sà." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, tí wọ́n sì kọ̀ lójú gbogbo ènìyàn ńkọ́? Ibo ni màá gbé ojú mi sí? Máníjà nu omi ẹ̀rín lójú, wọ́n ní, "Ó dáa, èló lo fẹ́?" Mo ní, "Tiyín ni mo fẹ́ sà, kí ẹ̀yin máa gba tèmi." Ará ibi iṣẹ́ ń ṣubú lura wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Áà, ẹ̀rín burúkú!

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí mo bá tún béèrè, kí n máa kó ẹrù mi lọ." Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó di ẹrù rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun àti Fúnmi ti wà ní Jọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, Kérésì àti Àjíǹde nìkan ni mo máa ń rí wọn. Ọmọ mi a kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí àlejò, a sì dúró dìgbà tí màá ní kó jókòó.

Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni obìnrin tó ń gé ìwé níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé òun wọlé, òun sọ ọ́ bó ṣe rí, Máníjà sì fi kún owó òun. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, mo ń yà gba ibi ìfọwọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí Máníjà fẹ̀yìn tì, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ni o ò béèrè àfikún rí. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé tìrẹ tó ọ." Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wàyí o, ìyàwó mi wálé fún ìkórè, ó rí orúkọ Máníjà gẹ́gẹ́ bí alága lórí ìwé ìpè. "Ọkùnrin tó lé mi nílé ọkọ mi nìyí? Màá kí wọn dáadáa. Màá ní kí wọ́n sọ ohun tí a fi ṣẹ̀ wọ́n fún mi." Àná ni mo sáré lọ sí Òkukù, mo lọ bẹ Máníjà pé kí wọ́n ṣáà sọ pé àwọn kọ̀ fún mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó yẹ kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ara mi fún ìyàwó rẹ. Bó bá bi mí, ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Àìkú ò tíì dé. Lọ sọ fún un fúnra rẹ."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Láàárọ̀ yìí gan-an, ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ ò dápàárá kankan láti àná. Kí ló dé?" Ṣé ẹ rí i, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Orí ló ń fọ́ mi." Ó dìde, ó lọ ra oògùn wá, ó dúró tì mí títí mo fi gbé e mì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀, ẹ lọ sọ ọ́. Kíkọ̀ tí wọ́n máa kọ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti wà nílé ọkọ àti ilé aya pẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: gbólóhùn wo ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀? Mo mọ̀ pé kí ìwé ìròyìn tó gbé lẹ́tà mi yìí tó dé ọwọ́ yín, ìkórè yóò ti kọjá. Ẹ ṣáà sọ fún mi. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń bọ̀ wá bi mí bóyá orí náà ti fúyẹ́.