Àpótí Tí Mo Tú Kúrò Lára Jẹnẹrétọ̀ Fàtímọ̀

Bàbá, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bu omi fún mi. Ohun tí mo gbé wá sí Lálúpọn lónìí, bí mo bá mu omi ilé yìí kí n tó sọ ọ́, á há mi lọ́fun. Ọdún méjì ni mo ti fi ń bá yín ṣọ̀fọ̀ Fàtímọ̀ ọmọ yín, tí ẹ ń pè mí ní ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ẹ ń ṣàdúà fún mi. Gbogbo àdúà yẹn ni mo gbà láìtọ́. Irọ́ ló wà láàrin wa, èmi ni mo pa á, kò sì gbọdọ̀ sun ilẹ̀ yìí di ọ̀la.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ yunifásítì ni mí, ẹ sì mọ̀ pé yàrá mi ní Ajíbọ́dé kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí Fàtímọ̀ ti ń ránṣọ. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni iṣẹ́ mi gan-an. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, á dà bíi pé oorun ló ń kun onítọ̀hún, kò sì ní jí mọ́. Èmi ń wá èròjà tí yóò so ọ́síjìn mọ́ gáàsì yìí kí oró rẹ̀ lè kúrò. Ìyẹ̀fun dúdú kan tí a fi kóbáltì ṣe ni mò ń lò. Mo gbé e lọ sókè òkun, wọ́n fi awò ńlá kan wò ó fún mi, èyí tó ń fi ẹyọ átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan han ojú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Átọ́ọ̀mù tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ àgbàdo lára ṣúkù. Nígbà tí a fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, a rí bí gáàsì ṣe ń bà lé ọ̀kan, tó ń gba ọ́síjìn lọ́wọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì ń gbéra lọ. Mo rò pé Ọlọ́run fi àṣírí kan hàn mí láàrin gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù.

Kàmọ́rù ló ń bá mi ṣe àyẹ̀wò ní yàrá ìwádìí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìyẹ̀fun náà ń pa oró gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan ó po ọ̀rinrin mọ́ afẹ́fẹ́ náà, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ fi dúró. Ó gbé ìwé àyẹ̀wò wá bá mi.

"Dókítà, omi ló ń lọ jókòó sórí àwọn átọ́ọ̀mù yẹn. Gáàsì kò ríbi bà sí mọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ sì kún fún omi. Ẹ má tíì gbé e jáde."

Mo ní, "A ó tún un ṣe. Fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi."

Mo ká ìwé náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ mi. N kò tún nǹkankan ṣe. Àwọn tó ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn fẹ́ gbọ́ kí ọdún tó parí pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ mi. Ẹ gbọ́ bí ó ti kéré tó, ohun tí mo fi ọmọ yín ṣe pàṣípààrọ̀.

Mo da ìyẹ̀fun náà sínú àpótí irin kékeré kan, mo so ó mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà, ibi tí èéfín ti ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ Fàtímọ̀. Mo ní yóò máa pa oró èéfín náà. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ mi, ó ti rán an kí n tó bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé, "Àǹtí Rẹ̀mí, bí òjò bá ń rọ̀, ṣé mo lè gbé jẹnẹrétọ̀ yìí wọlé? Wọ́n ti jí ti aládùúgbò mi gbé."

Jùbrílù ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ìwé Kàmọ́rù wá sí mi lọ́kàn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ǹ bá fi sọ pé rárá. Mo ní, "Gbé e wọlé. Kò séwu."

Ọjọ́bọ̀ kan ni, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, Fàtímọ̀ sì ní aṣọ iléèwé tó fẹ́ rán parí. Jùbrílù bá a gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pa ilẹ̀kùn dé nítorí ọ̀wààrà, ó bá iṣẹ́ ọ̀kadà lọ. Ọ̀rọ̀ mi ló gbà gbọ́. Lọ́sàn-án, obìnrin tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá yá sísọ́ọ̀sì. Ó kanlẹ̀kùn títí. Nígbà tó ṣí i, Fàtímọ̀ gbórí lé máṣíìnì bí ẹni tó sinmi díẹ̀.

Igbe ni mo gbọ́ tí mo fi sáré débẹ̀. Wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé wọn, èmi nìkan ni mo ní mo fẹ́ ṣí fèrèsé. Bàbá, mi ò ṣí fèrèsé. Sípánà ni mo mú. Irin náà ṣì gbóná, ó bó mi látẹ́lẹ́wọ́. Àpá rẹ̀ rèé. Ọmọ yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà tí mo ti ń tú àpótí náà, tí mo sì gbé e sínú báàgì mi.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ó ti kú, Jùbrílù padà dé, ó ń ké pé, "Àǹtí ló ní kò séwu! Àǹtí ló so nǹkan mọ́ jẹnẹrétọ̀ náà!" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Nǹkan wo? Ẹ lọ wò ó, kò sí nǹkankan lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú, ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú." Wọ́n lọ wò ó, wọn kò rí nǹkankan. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti ń sọ pé Jùbrílù ló ti èéfín mọ́ ìyàwó rẹ̀. Nítorí èyí ni ẹ fi gba Zubaidah ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sínú ilé yìí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, mo sì ń mi orí.

Kàmọ́rù bi mí níbi tí àpótí wà. Mo ní ó ti sọnù, mo sì kọ lẹ́tà tó gbé Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo tẹ ìwádìí náà jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, tí ẹ ń kàwé, ìwé àyẹ̀wò tó bá já yín kulẹ̀, ẹ má ṣe tì í sí dúrọ́ọ̀.

Níbi àdúà ọdún kejì tí a ṣe lóṣù tó kọjá, Zubaidah wá jókòó tì mí. Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ máa ń wá kí i. Ó ní, "Bàbá mi kì í wá. Òun ló pa ìyá mi." Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka lẹ́tà A, B, D.

Lánàá ni mo wá Jùbrílù lọ sí Ṣáṣá, níbi tó ti ń gbé èrò ọjà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó jókòó sí etí títì, ó ní, "Àǹtí, ẹ ní kì í ṣe èmi?" Mo ní kì í ṣe òun. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá da fìlà bojú.

Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fagi lé ìwádìí tí mo tẹ̀ jáde yẹn. Ọ̀la ni mò ń lọ bá ọlọ́pàá ní Mọ́níyà. Àpótí náà rèé. N kò ní ẹnu láti tọrọ ìdáríjì fún ara mi. Ṣùgbọ́n Jùbrílù ló fi ọ̀kadà gbé mi wá. Ó wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ó ní òun kò lè wọlé tí ẹnikẹ́ni kò bá pe òun. Ìyá, ẹ má dìde. Ẹ jẹ́ kí Zubaidah lọ pe bàbá rẹ̀.