Kò Sí Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ọ̀gágun Vane

Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Thirkell, tó ni ilé ìtẹ̀wé yìí àti ìwé ìròyìn Àtùpà Ilé, ẹ̀yin olóòtú, Bàbá Finch, olórí àwọn atẹ̀wé, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ fọwọ́ títí, síbẹ̀ tí tàdáwà ò kúrò lábẹ́ èékánná yín, ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n kó sí òkè lọ́hùn-ún bí ẹni tó wá wòran níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jẹun: mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní torí kíákíá gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìwé ètò tó wà níwájú yín sọ pé lẹ́yìn ẹran àgùntàn, Ọ̀gbẹ́ni Septimus Crale ni yóò dìde dúpẹ́ lórúkọ mi. Àṣà wa ní London nìyẹn: bí wọ́n bá gbé ife sókè láti fi yẹ́ obìnrin sí, ọkùnrin ní í fèsì. Ọ̀gbẹ́ni Crale, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Ojú ewé mẹ́ta ni, ẹ sì sọ pé inú mi dùn níbi mẹ́fà nínú rẹ̀. Ta ló sọ fún yín? Òkú là ń gbẹnu sọ fún. Èmi Hester Pallister ṣì ń mí.

Ogún ọdún rèé tí ọkọ mi kú, tí mo mú ìtàn àkọ́kọ́ wá síbí, ìtàn Ìyáàfin Drewitt, opó tó ń tọpa ọ̀daràn. Olóòtú ìgbà náà, tí Ọlọ́run ti pè, kà á tán, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ìtàn yín dùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà pé obìnrin mọ bí wọ́n ṣe ń mú olè? Ẹ jẹ́ ká wá ọkùnrin tó kọ ọ́." Wọ́n wá a, wọn ò rí i, wọ́n bá ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀gágun Rupert Vane! Ọgọ́ta ìtàn ló ti kọ báyìí láìní ọwọ́. Àwọn obìnrin Brighton kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i, èmi ni mo fèsì pé wọ́n ti rán an lọ sójú ogun.

Níbo ni ọ̀gágun tí kò sí ti gbọ́n tó bẹ́ẹ̀? Lọ́dọ̀ Ìyáàfin Gudgeon ni, ìyàwó ọlọ́pàá kan, tó ń yẹ ara àwọn obìnrin tí wọ́n bá mú wá sí àgọ́ wò. Òun ló kọ́ mi pé ojú èèyàn lè parọ́, ṣùgbọ́n kí n máa wo ìṣẹ́tí aṣọ. Lọ́jọ́ kan ó tú ìṣẹ́tí yẹ̀rì kan, ó bá òrùka olókùúta mẹ́ta níbẹ̀, òrùka tí ọlọ́pàá mẹ́rin ti wá fún oṣù méjì. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n gbé ga. Wọ́n fi àmì oyè kún apá aṣọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì jókòó rán an mọ́ ọn. Nígbà tí mo bi í bóyá kò dùn ún, ó ní, "Abẹ́rẹ́ ló gún mi, Ìyá Pallister. Ẹ má bi mí ní nǹkan míì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Finch. Ìkọ̀wé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀, síbẹ̀ kò sọ ojú ewé kan nù rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tó ń to lẹ́tà ìtẹ̀wé, tí ẹ máa ń jà láàárín ara yín lórí ta ló pa ta kí n tó mú apá tó kù wá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi orúkọ Vane sórí ìtàn mi. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Mo ní ọdún kan péré ni, lẹ́yìn náà a ó tún un ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù ú lọ ni èyí tí mo ṣẹ̀ sí Tamsin Oakshott tó jókòó sí òkè yẹn. Ó mú ìtàn rẹ̀ wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ìtàn náà dára ju èyí tí mo kọ lọ́jọ́ orí rẹ̀ lọ. Kí ni mo wí? Mo ní, "Ọmọ mi, lọ wá orúkọ ọkùnrin, má fi àkókò ṣòfò." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Ọwọ́ mi gan-an ni mo fi wọ́ ọ. Tamsin, forí jì mí.

Wàyí o. Wọ́n fẹ́ di mẹ́rìnlélógún nínú ìtàn mi pọ̀ sínú ìwé kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn yóò da òjé yíyọ́ ṣe àwo tí wọn yóò fi máa tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí òjé bá ti dì, orúkọ tó bá wà níbẹ̀ ni ayé yóò máa kà. Bàbá Finch fi hàn mí: Ọ̀gágun Vane ló wà níbẹ̀. Láti Àjíǹde ni mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí alága wa. Ìdáhùn kan náà ni: "A ń gbé e yẹ̀ wò." Oṣù mẹ́fà! Èmi tí mò ń kó iṣẹ́ mi dé ní gbogbo Túsìdeè kí aago méjìlá tó lù, wọ́n ń fi oṣù mẹ́fà wo orúkọ mi! Ta ló bímọ tí aládùúgbò ń sọ ọ́ lórúkọ? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ni.

Ojú ìwé méjì ni mo tẹ́ síwájú yín yìí, Ọ̀gbẹ́ni Thirkell: orúkọ Tamsin wà lórí ọ̀kan, tèmi wà lórí èkejì. Gègé rèé. Ti Tamsin ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí orúkọ rẹ̀ bá a jáde. Kí lẹ wí? Ká jẹun tán? Oúnjẹ tó kù ti tutù, ẹ fọwọ́ sí i.

Ó ti fọwọ́ sí i. Bàbá Finch, ẹ gbà á kí tàdáwà rẹ̀ má baà parẹ́.

Ó wá ku tèmi. Ẹ gbé gègé sílẹ̀ kẹ̀? Agbẹjọ́rò? Àdéhùn tó ti pé ogún ọdún? Ó dáa. Ìbínú mi kò ju ti àárọ̀ lọ. Apá ìkẹyìn ìtàn tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú àpò mi. Gbogbo London ń dúró de Sátidé kí wọ́n lè mọ ẹni tó fi májèlé sínú tíì Ìyáàfin Lorrimer. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ní Ọ̀gágun Vane ló kọ ọ́. Ẹ ní kó parí rẹ̀. Títí agbẹjọ́rò yín yóò fi ronú tán, àpò yìí ń bá mi lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ ká ṣiṣẹ́ kí ẹlòmíràn gba orúkọ rẹ̀. Bàbá Finch, ojú yín kò ní fọ́. Ẹ̀yin obìnrin òkè, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sídìí tábìlì, lójú ayé yín. Tamsin, orúkọ rẹ kò ní parẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Thirkell, kí Ọlọ́run fún yín ní ìpinnu tó yá, kó tó di Mọ́ńdè.

Gbogbo yín, ẹ ṣé o. Ẹ bá mi mú agbòjò mi.